Bí A Ṣe Ń Wọn Ipa Jọ́nà Sáyẹ́ǹsì

Ẹ̀yin olùkọ́ Yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ fẹ́ mọ bí jọ́nà kan, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí ń gbé àpilẹ̀kọ ìwádìí jáde, ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó, ẹ ka iye ìgbà tí àwọn onímọ̀ tọ́ka, ní 2023, sí àpilẹ̀kọ tí ó gbé jáde ní 2021 àti 2022, kí ẹ sì fi iye àpilẹ̀kọ ọdún méjèèjì pín in. Bí ìtọ́ka bá jẹ́ 240, tí àpilẹ̀kọ jẹ́ 120, èsì rẹ̀ ni 2. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi jọ́nà ìṣirò wé ti ìṣègùn, nítorí pé ìtọ́ka àwọn onímọ̀ ìṣirò kì í pọ̀, ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó dé. Ẹ tún wò ó bóyá jọ́nà náà ń tọ́ka sí àpilẹ̀kọ ara rẹ̀ jù, nítorí pé ìyẹn lè mú kí èsì náà ga ju bó ṣe yẹ lọ.