Bí A Ṣe Ń Tọpa Ẹsẹ Tó Ń Pe Ẹsẹ Nínú Ìwé Mímọ́ Hébérù

Tí ẹ bá ń wá ibi tí ẹsẹ kan ti ń lo ọ̀rọ̀ ẹsẹ mìíràn, ẹ má fi ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ bẹ̀rẹ̀. "Ọba", "omi", "ilẹ̀", ibi gbogbo ni wọ́n kún. Ọ̀rọ̀ tó ṣọ̀wọ́n ni kí ẹ máa ṣọ́, kí ẹ sì wá a dé inú Hébérù, torí ìtumọ̀ lè ṣi ni lọ́nà.

Mo ti ṣìnà bẹ́ẹ̀ rí. Nínú Bíbélì Yorùbá àtijọ́ tí mo fi dàgbà, apótí ni ìyá Mósè gbé ọmọ rẹ̀ sí ní Ẹ́kísódù 2:3. Apótí náà ni ti májẹ̀mú. Mo so méjèèjì pọ̀, mo tún fi kọ́ àwọn ẹlòmíì. Kò rí bẹ́ẹ̀. "Aron" ni ti májẹ̀mú ń jẹ́ ní Hébérù, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n lò fún pósí Jósẹ́fù ní Gẹ́nẹ́sísì 50:26. "Teva" ni ti Mósè. Níbo la tún ti rí teva? Nínú ìtàn Nóà nìkan! Wọ́n pè é ní ọkọ̀ fún Nóà, wọ́n pè é ní apótí fún Mósè, okùn tó so wọ́n sì já mọ́ wa lọ́wọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń lo nọ́ńbà Strong. Ní 1890 ni James Strong tẹ ìwé atọ́ka rẹ̀ jáde, tó fún ọ̀rọ̀ Hébérù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Teva jẹ́ 8392. Ẹ wá nọ́ńbà náà, kí ẹ ka gbogbo ibi tó ti jáde. Ẹni tí kò gbọ́ Hébérù rárá lè ṣe é.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan péré kò tíì tó ẹ̀rí. Ẹ wo àyíká rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀dà rẹ́ méjèèjì, méjèèjì ló sì gba ẹni tí omi ìbá gbé lọ là. Ní ẹsẹ tó ṣáájú ti Mósè, Ẹ́kísódù 2:2, ìyá Mósè rí ọmọ náà "pé ó dára", "ki tov", bí Ọlọ́run ṣe rí ìmọ́lẹ̀ ní Gẹ́nẹ́sísì 1:4. Ìṣẹ̀dá àti ìkún omi, lórí ọmọ oṣù mẹ́ta.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù wà ní Gẹ́nẹ́sísì 37 àti 38. Júdà ló dá a lábàá pé kí wọ́n ta Jósẹ́fù. Wọ́n pa ewúrẹ́, wọ́n ri ẹ̀wù ọmọ náà bọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì sọ fún baba wọn pé, "haker na": jọ̀ọ́, wò ó bóyá o mọ̀ ọ́n. Orí tó tẹ̀ lé e, Júdà ṣèlérí ọmọ ewúrẹ́ fún Támárì, opó ọmọ rẹ̀, tó dà bí aṣẹ́wó lójú rẹ̀, ó fi èdìdì, okùn àti ọ̀pá rẹ̀ dógò. Nígbà tí wọ́n ń mú Támárì lọ sun, ó kó wọn ránṣẹ́ sí i: "haker na". Kò sí ibòmíràn tí gbólóhùn yẹn ti jáde. Jákọ́bù mọ ẹ̀wù. Júdà náà mọ èdìdì. Àwọn rábì àtijọ́ ti gbọ́ ọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ òǹkàwé ṣì ń fo orí 38. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó.

Tí ẹ bá ti rí okùn tó so ẹsẹ méjì pọ̀, ẹ bi í pé kí ló yí padà. Ẹ́kísódù 34:6 ní Olúwa lọ́ra láti bínú, ó sì pọ̀ ní àánú àti òtítọ́. Ìwé Jónà àti Náhúmù, tí Nínéfè kàn méjèèjì, mú ọ̀rọ̀ yìí lò. Níbi tí òtítọ́ wà, Jónà 4:2 fi sí i pé Ó ń yí ọkàn padà kúrò nínú ibi. Níbi tí àánú wà, Náhúmù 1:3 fi agbára sí i. Ẹ kọ ẹsẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú ewé kan, kí ẹ fa ilà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n pààrọ̀.