Bí Mo Ṣe Yan Ọ̀ṣọ́ Ìgbéyàwó Tí Kò Ní Ba Àyíká Jẹ́

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin ní kí n bá òun bójú tó ọ̀ṣọ́ gbọ̀ngàn ìgbéyàwó òun, ìbéèrè kan ni mo ń bi ara mi lórí gbogbo nǹkan: níbo ni èyí máa wà lọ́jọ́ kejì ìnáwó? Èyí tó bá jẹ́ pé ààtàn ló ń lọ, mo yọ ọ́ kúrò.

Bàlúùnù ló kọ́kọ́ kúrò. Èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe pàápàá kì í tètè jẹrà, tó bá sì dé inú òkun, ìjàpá òkun a máa gbé e mì bí oúnjẹ. Gílítà, ìyẹn ẹ̀búlẹ́bú dídán tí wọ́n ń fọ́n sára ọ̀ṣọ́, náà kúrò. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi alumíníọ̀mù bò, tí wọ́n wá gé wínníwínní, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò sì sí ìgbálẹ̀ tó lè gbá a tán. Inú mi dùn pé láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de títa irú gílítà oníke tí wọ́n ń tà lẹ́búlẹ́bú bẹ́ẹ̀. Ewé gbígbẹ la fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu bébà níhò lù. Róbóróbó tó já bọ́ la dà sórí tọkọtaya.

Òdòdó ló gbà mí lákòókò jù. Òdòdó tútù lè má lẹ́bi, àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n ń kì í bọ̀: fóòmù aláwọ̀ ewé tó ń fa omi mu yẹn. Láti ọdún 1954 ló ti wà, ike sì ni, kẹ́míkà méjì tó ń jẹ́ fínọ́ọ̀lù àti fọmadíháìdì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wúlò, ó máa ń rún, èérún rẹ̀ á sì bá omi tí wọ́n dà nù lọ sínú gọ́tà. Mo sọ fún ọmọbìnrin tó ń to òdòdó pé mi ò fẹ́ ẹ.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ló máa wá gbé e dúró?”

Wáyà onihò tí wọ́n fi ń ṣọgbà adìyẹ ni. A ká a bíi bọ́ọ̀lù, a tì í sẹ́nu abọ́, a bu omi sí i, a wá ń ki igi òdòdó gba inú ihò rẹ̀. Fún abọ́ pẹrẹsẹ, a lo kenzan àwọn ará Japan, ìyẹn irin wíwúwo tí abẹ́rẹ́ kún orí rẹ̀. Lójú tèmi, òdòdó náà tiẹ̀ rọra tẹ̀ síbí tẹ̀ sọ́hùn-ún bí ìgbà tó wà lóko.

Aṣọ tábìlì, a yá a ni. Àbẹ́là tí wọ́n fi ìda oyin ṣe la tàn, torí inú epo rọ̀bì ni pàráfínì tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ àbẹ́là ti ń wá. Iná LED la so, kì í jẹ iná tó gílóòbù àtijọ́ rárá. Pátákó orúkọ tọkọtaya, pákó la kùn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà fún ẹlòmíì láti kọ tirẹ̀ sí.

Lórí tábìlì àwọn àlejò, ewéko nínú ìkòkò la gbé sí, pẹ̀lú bébà kékeré tó sọ bí wọ́n ṣe máa bomi rin ín nílé. Kí ìnáwó tó bẹ̀rẹ̀ ni mo ti kọ ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ń lọ sílẹ̀, mo fún àwọn ọmọ ẹbí méjì. Òdòdó tó rọ lọ síbi tí a ti ń ṣe ajílẹ̀, wọ́n sì nu wáyà gbẹ, wọ́n ká a pa dà fún ọmọbìnrin náà.