Àkọ́bí dé: àṣìṣe tí ọkọ àti ìyàwó máa ń ṣe

Ti owó ìkómọjáde ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí òun ló ń yá jù. Àwọn kan á lọ yáwó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n á gba kànópì, wọ́n á ra ańkọ́. Nígbà tí àlejò bá túká tán, owó Pampers á di wàhálà. Oyin, iyọ̀, obì àti omi la fi ń sọmọ lórúkọ. Gbèsè ò sí níbẹ̀.

Èyí tó burú jù lójú tèmi ni bàbá ọmọ tó sọ ara rẹ̀ dàlejò. Ìyá ìyàwó ti dé, òun ló ń wẹ ọmọ, òun ló ń se ọbẹ̀ fún ọlọ́mọ tuntun. Ọkọ á ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni, á gbé ìrọ̀rí lọ sí pálọ̀. Lọ́jọ́ tí màmá bá padà sílé wọn, kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ léjìká kó lè gùfẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọmọ tuntun lè mu ọmú tó ìgbà 8 sí 12 láàárín ọjọ́ kan, lóru náà. Lóòótọ́, ọkọ ò lọ́mú, àmọ́ ó lọ́wọ́ tó lè fi pààrọ̀ ìtẹ́dìí. Láti 2022 ni ìjọba àpapọ̀ ti fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ bímọ ní ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 14. Ti wíwo bọ́ọ̀lù kọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìyàwó dá kojú ìyá ọkọ lórí omi àti àgbo. Ọmú nìkan ni nọ́ọ̀sì ń sọ, títí ọmọ á fi pé oṣù 6. Tí ìyàwó bá sọ ọ́, wọ́n á ní kò ka àgbà sí. Ọkọ ni kó sọ pé, “Màámi, ẹ má bínú, ohun tí wọ́n sọ fún wa lọ́sibítù nìyẹn.”

Tí ìyá ọmọ bá ń sunkún láìnídìí lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ, ó wọ́pọ̀. Tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò lè sùn kódà tí ọmọ bá sùn, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ, ẹ má sì fi mọ sí àdúrà nìkan. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ má tún gbọ́kàn lé e pé fífún ọmọ lọ́mú ń dènà oyún. Oyún lè dé kí nǹkan oṣù tó padà. Ẹ jọ lọ síbi àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ kẹfà, kí ẹ sì béèrè ìfètòsọ́mọbíbí níbẹ̀.