AC hp kan àbọ̀, wáàtì mélòó ni? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní ní Tanke. Mo ra AC hp kan àbọ̀, wọ́n kọ 12,000 BTU/h àti 1,170 W sí i lára. Àbúrò mi tó wà ní yunifásítì ṣírò BTU yẹn, ó ní 3,517 wáàtì ni, pé jẹnẹrétọ̀ 3.5 kVA tí mo ní ò lè gbé e. Oníṣẹ́ iná wa ní irọ́ ni, pé hp kan àbọ̀ ò ju 1,119 wáàtì lọ. Ti ta ni kí n gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jà o. Ìṣirò àwọn méjèèjì pé, ohun tí wọ́n ń ṣírò ni kò kan jẹnẹrétọ̀ yín.

Ẹ wo alábàárù ní ọjà Ìpàtà. Abọ́ ìrẹsì kan ló jẹ láàárọ̀, àpò iṣu ló gbé. Kò sẹ́ni tó máa wọn àpò iṣu kó tó mọ iye ìrẹsì tó jẹ. 1,170 W yẹn ni ìrẹsì, ìyẹn iná tí AC ń jẹ. 12,000 BTU/h ni ẹrù, ìyẹn ooru tó ń kó kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù ní wákàtí kan. Ẹ lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀ níta, ẹ ó mọ ibi tó ń dà á sí.

Wáàtì kan jẹ́ 3.412 BTU/h. Àbúrò yín fi 3.412 pín 12,000, ó rí 3,517. Wáàtì ni lóòótọ́, àmọ́ wáàtì ooru ni. Ẹ tún fi 1,170 pín 3,517, ẹ ó rí nǹkan bíi 3: bí iná kan bá wọlé, ooru mẹ́ta ló ń kó jáde.

Ti oníṣẹ́ iná ló ń bí mi nínú díẹ̀, torí ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ. Hp gidi (horsepower, agbára ẹṣin) jẹ́ 746 wáàtì, tí í ṣe 2,545 BTU/h. Bẹ́ẹ̀, AC tí a ń pè ní hp kan lọ́jà wa, 9,000 BTU/h ni. Orúkọ ọjà ni hp ara AC. Bí 1,119 rẹ̀ ṣe wá súnmọ́ 1,170, kòńgẹ́ lásán ni.

Jẹnẹrétọ̀ yín á gbé e. Bí wọ́n bá kọ cos φ 0.8 sí i lára (òun la fi ń sọ kVA di kW), 3.5 kVA di 2.8 kW, ìyẹn 2,800 wáàtì. Ibi tí wàhálà wà ni ìgbà tí AC bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra: bí kì í bá ṣe AC inverter, èyí tó ń gbéra díẹ̀díẹ̀, kọ̀ǹpurẹ́sọ̀ rẹ̀ á fa iná ní ìlọ́po mélòó kan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ pa fọ́tòkọ́pì ná, ẹ tan AC, ó di ìgbà tó bá fara balẹ̀ kí ẹ tó tan ìyókù.

Ìbéèrè: Ọ̀fà ni mo wà. Boiling ring mi jẹ́ 1,000 W, ṣùgbọ́n omi ìwẹ̀ ń pẹ́ kó tó gbóná. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wọn fóltì ilé yín. Ti boiling ring yàtọ̀ sí ti AC: gbogbo iná tó bá jẹ ló ń di ooru, kò ní èlé. 1,000 wáàtì ń fúnni ní 860 kílókálórì ní wákàtí kan; kílókálórì kan ni ooru tó ń fi 1°C kún gbígbóná omi lítà kan. Garawa omi lítà 20, láti 25°C dé 45°C, ń fẹ́ 400 kílókálórì. Ìṣẹ́jú 28 nìyẹn, bí iná bá pé 230 fóltì. Tó bá wálẹ̀ sí 180, 1,000 wáàtì yín á di nǹkan bíi 612, omi á sì gbà tó ìṣẹ́jú 46. Yúníìtì tó máa jẹ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Díẹ̀ ló máa fi lé e, torí ooru ń sá lójú garawa. Ẹ dé e, àmọ́ ẹ pa iná kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́ o.

Ìbéèrè: BTU àti BTU/h, ṣé ìkan náà ni?

Ìdáhùn: Rárá. BTU jẹ́ iye ooru, BTU/h jẹ́ bó ṣe ń yára tó. Àwọn tó ń tà á ni wọ́n máa ń gbàgbé "/h" yẹn.

Ìbéèrè: Télọ̀ ni mí ní Gàá-Akánbí. AC wa, hp kan, ò tutù mọ́ lọ́sàn-án. Wọ́n ti rọ gáàsì sí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí. Èmi àti ọmọ ìkọ́ṣẹ́ márùn-ún la wà nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ìdáhùn: Níbo lẹ ti ń lọ aṣọ? Mo mọ̀ pé inú ṣọ́ọ̀bù náà ni. Áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì, nígbà tí iná orí rẹ̀ bá tàn, ń da 3,412 BTU/h sínú yàrá. Èèyàn tó jókòó ń tú tó 100 wáàtì ooru síta. Ẹ̀yin mẹ́fà jẹ́ 2,047 BTU/h. Nínú 9,000 tí AC lè kó, 5,459 ti lọ, kó tó kan páànù tí oòrùn oṣù Kẹta ń dáná sí, àti ilẹ̀kùn tí oníbàárà ò tì. Gáàsì tó bá ń tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ó ń jò níbì kan; kí wọ́n wá ibẹ̀ kí wọ́n tó tún rọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbé áyọ́ọ̀nù bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí ẹ wò ó.