Bí mo ṣe mú kí fídíò ṣiṣẹ́ lórí Ubuntu

Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni, ṣíìpù Intel ìran kẹrin ló ní, Ubuntu 24.04 (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) ló wà lórí rẹ̀. Ohun tí àwọn tó ni ín fẹ́ fi wò ni fídíò yìgì tí wọ́n fi iPhone ká ní Ìlọrin, pẹ̀lú VCD àti DVD dadakúàdà àti wáàsí.

Fídíò yìgì náà ń dún, àwòrán kò jáde. Ìparí orúkọ fáìlì, .mp4 tàbí .mov, kì í sọ ohun tó wà nínú. Àpò lásán ni. ffmpeg, irinṣẹ́ fídíò, ni mo kọ́kọ́ fi sí i kí n lè yọjú wo inú àpò náà. Inú Terminal, ibi tí à ń tẹ àṣẹ sí, ni mo ti tẹ èyí:

sudo apt install ffmpeg
ffprobe yigi.mov

Ó ní hevc ni àwòrán, aac ni ohùn: ọ̀nà tí wọ́n fi fún wọn pọ̀ nìyẹn. Ubuntu kì í kó ohun tó ń tú hevc wá àfi téèyàn bá fọwọ́ sí i nígbà tó ń fi í sórí kọ̀ǹpútà, torí ẹ̀tọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ kan ṣì wà lórí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ á ní kẹ́ ẹ gbé ubuntu-restricted-extras (àkójọ irinṣẹ́ fídíò àti ohùn) sí i. Kò burú, àmọ́ ó ń kó fọ́ǹtì Microsoft mọ́ ọn, dátà yín ló sì ń jẹ. Bẹ́ ẹ bá dé ibi àdéhùn fọ́ǹtì náà, máòsì kò ní ràn yín lọ́wọ́: ẹ tẹ Tab títí OK á fi tàn, kẹ́ ẹ tó tẹ Enter. Tó bá jẹ́ ti fídíò nìkan, èyí tó:

sudo apt install vlc gstreamer1.0-libav gstreamer1.0-plugins-ugly

VLC, ètò ìwo-fídíò mìíràn, kò nílò méjì tó gbẹ̀yìn yẹn. Ètò ìwo-fídíò Ubuntu fúnra rẹ̀ ni wọ́n wà fún.

Àwòrán jáde, àmọ́ ó ń há, fáànù sì ń pariwo. 4K ni, àwòrán rẹ̀ tóbi gan-an. Mo fi vainfo, tó ń sọ irú fídíò tí káàdì àwòrán lè tú, sí i, mo sì ṣí i: H264, ọ̀nà ìfúnpọ̀ tó ṣáájú HEVC, wà nínú ohun tí káàdì àwòrán rẹ̀ lè tú, HEVC kò sí. Ìran kẹfà ni Intel ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u dáadáa. Kò sí ètò tẹ́ ẹ máa fi kún ti ìran kẹrin tó máa yí ìyẹn padà. Fáìlì ni mo yí padà sí H264, mo sì dín in kù sí 1080:

ffmpeg -i yigi.mov -vf scale=-2:1080 -c:v libx264 -crf 23 -pix_fmt yuv420p -c:a copy yigi.mkv

Ẹ má yọ yuv420p kúrò, òun ló ń sọ fídíò di bíìtì 8 (bíìtì ni iye tí wọ́n fi ń ka àwọ̀). iPhone tuntun sábà máa ń ká fídíò ní bíìtì 10, káàdì yìí kò sì lè tú H264 oníbíìtì 10. Torí iná ni mo ṣe lo .mkv: bí iná bá lọ tí bátìrì sì kú láàárín iṣẹ́, .mp4 kì í ṣí rárá, nítorí ìparí ni ffmpeg ń kọ atọ́ka rẹ̀. .mkv á ṣí débi tó dé.

Ti díìsì kò le. VCD kò ní títì, DVD tí wọ́n sun ládùúgbò náà kì í sábà ní. Nínú VLC, ẹ lọ sí Media, Open Disc. Fún VCD, ẹ mú SVCD/VCD. libdvd-pkg tí gbogbo ayé ń dárúkọ, DVD fíìmù tí ilé-iṣẹ́ tì pa ló wà fún. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, àṣẹ kejì yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé, òun ló sì ń wá libdvdcss, tó ń ṣí títì DVD, wá gan-an:

sudo apt install libdvd-pkg
sudo dpkg-reconfigure libdvd-pkg