El Escorial kì í ṣe ààfin lásán: àwọn àṣìṣe tí ó yẹ ká yẹra fún

Ẹni tí ó bá ń wá ààfin lọ sí El Escorial, ilé ńlá tí ọba kan kọ́ nítòsí Madrid ní Sípéènì, ìjákulẹ̀ ni yóò gbé bọ̀. Yóò dúró níwájú ògiri òkúta akọ aláwọ̀ eérú tí ó lọ salalu, fèrèsé lórí fèrèsé, kò sí ọ̀ṣọ́, yóò sì béèrè pé ṣé ibí náà ni ọba tí fàdákà Amẹ́ríkà ń wọlé fún ń gbé? Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, òun ló sì bí púpọ̀ nínú àwọn yòókù.

Ibi tí Felipe Kejì, ọba Sípéènì, yóò sin bàbá rẹ̀, Carlos Karùn-ún, sí ló ń wá, pẹ̀lú àwọn mọ́ńkì tí yóò máa gbàdúrà fún òkú ìdílé wọn. Wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1563, lẹ́sẹ̀ òkè Guadarrama, nǹkan bíi kìlómítà 45 sí Madrid. Ilé mọ́ńkì, ilé ìjọsìn ńlá, ilé ìkàwé, ilé ẹ̀kọ́ àti ibojì, gbogbo rẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé kan. Ọba wá fi ara rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn pẹpẹ.

Nítorí náà, ẹ má ṣe sáré kọjá yàrá rẹ̀ torí pé kò tóbi. Ògiri funfun, táìsì búlúù àti funfun nísàlẹ̀ rẹ̀, bíríkì pupa nílẹ̀. Ilẹ̀kùn kan wà nítòsí ibùsùn. Bí wọ́n bá ṣí i, pẹpẹ gíga ni ojú yóò bá. Nígbà tí àrùn gout mú oríkèé rẹ̀ wú tí kò lè dìde mọ́, orí ibùsùn ló ti ń bá wọn gbọ́ Mísà. Ibẹ̀ ló wàjà sí ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 1598. Ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 1584 ni wọ́n fi òkúta ìkẹyìn sí ilé náà. Ọdún 14 géérégé.

Ìtàn àwọ̀n irin ńkọ́? Wọ́n ní ọba ya ilé náà bí àwọ̀n irin tí wọ́n fi yan Lawrence Mímọ́ lórí iná, nítorí ọjọ́ àjọ̀dún ẹni mímọ́ yìí, 10 oṣù kẹjọ ọdún 1557, ni àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ṣẹ́gun Faransé ní Saint-Quentin. Òótọ́ ni ti ogun, òótọ́ ni pé orúkọ Lawrence ni wọ́n fi sọ ilé náà. Àgbàlá onígun mẹ́rin tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló mú kí ilé náà jọ àwọ̀n irin. Àmọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ El Escorial, àwọn ilé ìwòsàn ní Sípéènì àti Ítálì ti ní irú àgbàlá bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ìtàn náà bí ìtàn, kí ẹ má sọ ọ́ bí àṣẹ ọba.

Ilé ìkàwé ni n ó ti pẹ́ díẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń gbójú sókè wo àjà tí Pellegrino Tibaldi ya àwòrán sí, wọn kì í wo kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn tó bá wò ó á ní wọ́n to ìwé sódì, nítorí ẹ̀yìn ìwé kọjú sí ògiri, etí tí a ń ṣí ló kọjú síta. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Etí yẹn ni wọ́n kùn ní góòlù. Wọ́n tún máa ń ka gbogbo ìwé Lárúbáwá ibẹ̀ sí ohun tí Felipe Kejì kó jọ. Rárá o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ti Mulay Zidan, sultan Mòrókò. Ní ọdún 1612, nígbà tí ogun abẹ́lé ń lé e kiri, ó kó ìwé rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi Faransé kan. Ọ̀gá ọkọ̀ kò rí owó rẹ̀ gbà, ó bá gbé ẹrù sá lọ, ni àwọn ọkọ̀ Sípéènì bá gbà á lójú òkun. Felipe Kejì ti wàjà láti ọdún 14 ṣáájú ìgbà náà. Iná ọdún 1671 tún jó ọ̀pọ̀ nínú ìwé náà. Ẹni tó bá ń yin ilé ìkàwé yìí láì dárúkọ Zidan kò tíì sọ ìdajì ọ̀rọ̀.

Ní ti àwòrán, wọ́n á ní ọba kò mọ iṣẹ́ ọnà torí pé ó sanwó àwòrán ikú ajẹ́rìíkú Maurice Mímọ́ àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tí ayàwòrán El Greco gbé wá ní 1582, kò sì jẹ́ kí wọ́n gbé e sí pẹpẹ tí wọ́n torí rẹ̀ yà á. Ọba tó ń kó iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ńlá bíi Titian àti Bosch jọ nìyẹn! El Greco fi àwọn ajẹ́rìíkú tó ń jíròrò síwájú, ó ti ikú wọn sẹ́yìn, ó kéré. Ọba fẹ́ àwòrán tí èèyàn lè kúnlẹ̀ gbàdúrà níwájú rẹ̀. Èmi fẹ́ràn ti El Greco ju èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ lọ, síbẹ̀ mo lóye ọba. Àwòrán El Greco náà ṣì wà ní El Escorial, ẹ lọ wò ó. Ọgbà Ìgbádùn tí Bosch yà ni ẹ má wá débẹ̀; Prado, ilé àkójọ àwòrán ní Madrid, ló wà báyìí.

Ibojì àwọn ọba ní pósí mábù 26, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọba Sípéènì ló wà níbẹ̀. Ààfin La Granja ni wọ́n sin Felipe Karùn-ún sí, Madrid ni Fernando Kẹfà wà.

Ìlú méjì ló ń jẹ́ El Escorial. Ọkọ̀ ojú irin yóò já yín sí El Escorial nísàlẹ̀, San Lorenzo lókè ni ilé náà wà, ẹ óò sì gun òkè náà dáadáa. Bọ́ọ̀sì 661 tàbí 664 láti ibùdókọ̀ Moncloa ní Madrid ló ń gbéni dé òkè. Ẹ má lọ ní ọjọ́ Ajé, wọ́n máa ń tì í.