Bí mo ṣe compile GROMACS 2023 lórí sáfà tí compiler rẹ̀ ti gbó

Sáfà tí mo fi ń ṣe ìwádìí ṣì wà lórí CentOS 7, irú Linux kan. Ọdún 2014 ni CentOS 7 jáde, ìtọ́jú rẹ̀ sì dópin ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2024. Compiler tó bá a wá, ìyẹn ètò tó ń sọ kóòdù tí èèyàn kọ di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́ lé lórí, ni GCC 4.8.5. Mi ò ní àṣẹ root, ìyẹn àṣẹ alábòójútó, níbẹ̀. Àwọn alábòójútó sì ti sọ fún mi pé àwọn ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan títí àwọn yóò fi pààrọ̀ gbogbo ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan, torí iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì ń lọ lórí rẹ̀ tọ̀sán tòru. Ọ̀rọ̀ wọn tọ́ lójú mi. Àmọ́ GROMACS 2023 ni mo nílò láti fi ṣe àfarawé bí prótéènì kan ṣe ń ṣe nínú omi, GROMACS 2023 kì í sì í bá GCC tó bá kéré sí 9 ṣe.

Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe ṣe é látòkèdélẹ̀, àti ibi tí mo ti kọsẹ̀. Ohun tó jẹ ọjọ́ mi jù nínú iṣẹ́ náà ni àtijọ́ àti tuntun tó ń dà pọ̀ mọ́ra láìjẹ́ pé mo fura.

CMake, ètò tó ń ṣètò bí wọ́n ṣe máa compile sọ́fúwià, ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Èyí tó wà lórí sáfà jẹ́ 2.8.12, GROMACS sì ń béèrè 3.18.4 ó kéré tán. Ìyẹn rọrùn. Àwọn tó ń ṣe CMake máa ń gbé èyí tí wọ́n ti compile tán jáde fún Linux, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí CentOS 7. Mo tú u sínú fódà ilé mi, mo fi bin rẹ̀ ṣáájú nínú PATH, àkójọ fódà tí Linux ti ń wá àṣẹ, ó tán.

Compiler ni iṣẹ́ gan-an. GCC 4.8 gbọ́ C++11 (èdè C++ ti ọdún 2011), ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún un ní `-std=c++17`, á ní òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kódà nínú C++11 tó gbọ́ yẹn, orúkọ lásán ni `std::regex` rẹ̀, irinṣẹ́ tó ń wá àpẹẹrẹ nínú ọ̀rọ̀: á compile wẹ́rẹ́, tó bá wá di pé kó ṣiṣẹ́, á já yín kulẹ̀. Inú GCC 4.9 ni wọ́n ti ṣe é bó ṣe yẹ. Mo ń sọ èyí torí pé mo ti rí àwọn tó lọ yọ ibi tí sọ́fúwià ti ń yẹ ẹ̀yà compiler wò kúrò nínú CMakeLists.txt, kí wọ́n lè fipá gbà á kọjá. Ẹ má dán an wò. Àwọn tó kọ sọ́fúwià náà ò fi àyẹ̀wò yẹn síbẹ̀ láti ni yín lára.

Mo wo àwọn ọ̀nà míì. `module avail`, àṣẹ tó ń to sọ́fúwià tó wà lórí sáfà, ò gbé GCC tuntun kankan jáde. devtoolset, tí wọ́n ṣe fún irú ìṣòro yìí gan-an, ń fẹ́ kí ẹni tó ní àṣẹ root fi í síbẹ̀. Spack dára fún ẹni tó ní ogún sọ́fúwià láti tò jọ, ó sì lè bá èèyàn kọ́ GCC fúnra rẹ̀. Bí Apptainer bá wà lórí sáfà yín, ẹ lò ó, ẹ má wulẹ̀ ka ìyókù, torí ẹ lè gbé odindi Linux tuntun sínú fáìlì kan kí ẹ sì ṣe gbogbo iṣẹ́ yín nínú rẹ̀. Kò sí lórí tèmi.

Mo tún gbìyànjú àtigbé èyí tí ẹlòmíì ti compile sílẹ̀ wá. Ó ní òun ń wá `GLIBC_2.28`, ìyẹn ẹ̀yà kan nínú glibc, láíbúrérì C tí àwọn ètò orí Linux gbára lé. CentOS 7 ò ní ju glibc 2.17 lọ, compiler tuntun kò sì lè wo irú àìsàn yẹn sàn, torí inú glibc gbogbo ẹ̀rọ náà ni ó wà. Mo wá glibc tuntun, mo fi fódà rẹ̀ sínú LD_LIBRARY_PATH, àkójọ fódà tí Linux ti kọ́kọ́ ń wá láíbúrérì fún ètò tó fẹ́ ṣiṣẹ́. Láti ìṣẹ́jú yẹn, `ls` kú, `cp` kú, kò sí àṣẹ kan tó tún dáhùn nínú fèrèsé yẹn àfi èyí tó wà nínú bash fúnra rẹ̀. Ìdí ni pé libc.so.6 àti ld-linux tó ń gbé e dìde gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Mo pa fèrèsé náà dé, mo ṣí òmíràn, mo sì fi ọ̀rọ̀ glibc sílẹ̀ pátápátá.

Ó wá ku kí n kọ́ GCC fúnra mi sínú fódà ilé mi. Ẹ̀yà 11.4.0 ni mo mú. Kò kàn ṣàdédé jẹ́ òun: láti GCC 11 títí dé 14, compiler tó bá ti gbọ́ C++11 lè kọ́ ọ, 4.8 wa sì gbọ́ ọ. GCC 15 ti ń béèrè èyí tó gbọ́ C++14, ìyẹn ni pé ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò kọ́ agbedeméjì kan ná.

```
tar xf gcc-11.4.0.tar.gz
cd gcc-11.4.0
./contrib/download_prerequisites
mkdir ../gcc-kiko && cd ../gcc-kiko
../gcc-11.4.0/configure --prefix=$HOME/gcc11 \
  --enable-languages=c,c++,fortran --disable-multilib
make -j8
make install
```

Ìlà kẹta ló ń lọ bá wa mú GMP, MPFR àti MPC wá, àwọn láíbúrérì tí GCC ò lè ṣe láìsí wọn, àti ISL, tí kò pọn dandan. Íntánẹ́ẹ̀tì ló ń lò, nítorí náà ẹnu ọ̀nà sáfà, níbi tí a ti ń wọlé, ni kí ẹ ti ṣe é; àwọn ẹ̀rọ inú kì í sábà ní íntánẹ́ẹ̀tì. `make` ní tirẹ̀, inú ni mo fi ránṣẹ́ sí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́, kí n má baà dí ẹnu ọ̀nà mọ́ àwọn ẹlòmíì. Ẹ má gbàgbé `--disable-multilib`. Mo gbàgbé rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, configure sì dúró, ó ní ó jọ pé sáfà ò ní àwọn láíbúrérì fún àwọn ètò 32-bit, tí mi ò fẹ́ rárá.

Lẹ́yìn ìyẹn, configure tún kọ̀ jálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní LIBRARY_PATH, àkójọ fódà tí compiler ti ń wá láíbúrérì, ò gbọdọ̀ ní fódà tí mo wà nínú rẹ̀ nínú. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò rí àmì dọ́ọ̀tì kankan níbẹ̀. Mo tún wò ó. Ìlà kan wà nínú .bashrc mi:

```
export LIBRARY_PATH=$HOME/lib:$LIBRARY_PATH
```

Nígbà tí LIBRARY_PATH ti ṣófo tẹ́lẹ̀, àmì `:` yẹn ló dá dúró ní ìparí, òfìfo tó tẹ̀lé e ni GCC sì ń kà sí fódà tí èèyàn wà lọ́wọ́lọ́wọ́. Àmì kékeré kan, odindi ọ̀sán kan. `unset LIBRARY_PATH` ló yanjú ẹ̀.

Ohun kan wà nínú kíkọ́ GCC tó wù mí púpọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń kọ́ ara rẹ̀. 4.8 tó ti gbó ló ń kọ́ ìkíní, ìkíní yìí á kọ́ ìkejì, ìkejì á kọ́ ìkẹta, wọn á wá fi ìkejì àti ìkẹta wé ara wọn. Bí wọn ò bá dọ́gba, `make` á dúró. Èyí tó bọ́ sí wa lọ́wọ́ nígbẹ̀yìn, compiler àtijọ́ kọ́ ló kọ́ ọ. Bó ṣe máa ń pẹ́ tó náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó pẹ́.

Nígbà tó parí, mo padà sí GROMACS, mo kọ `export CC=$HOME/gcc11/bin/gcc` àti `export CXX=$HOME/gcc11/bin/g++`, mo pe cmake. Ó tún ní 4.8.5 lòun rí. Ẹ̀bi fódà tí mo ti lò nígbà àkọ́kọ́ ni. CMake máa ń kọ compiler tó bá kọ́kọ́ rí sínú CMakeCache.txt, kì í sì í yí i padà nítorí CC tàbí CXX mọ́. Mo pa fódà build rẹ́ pátápátá, mo ṣẹ̀dá òmíràn, ó sì rí 11.4.0.

Ó compile. Mo pe `gmx --version`, ó sì sọ pé /lib64/libstdc++.so.6 ò ní `GLIBCXX_3.4.21`.

Ibí yìí ni kí ẹ dúró wò dáadáa, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rò pé compiler tuntun tí wọ́n kọ́ kò dára. Ó dára. Nígbà tí g++ tuntun ń compile, láíbúrérì libstdc++ tirẹ̀ ló lò. Nígbà tí ètò náà wá fẹ́ ṣiṣẹ́, Linux ò mọ ibi tí ìyẹn wà, ó sì lọ gbé ti àtijọ́ tó wà ní /lib64 fún un. Ẹ lè fojú ara yín rí i:

```
ldd bin/gmx | grep stdc++
strings /lib64/libstdc++.so.6 | grep GLIBCXX
```

Ti CentOS 7 parí sí 3.4.19, ti GCC 11 sì dé 3.4.29. Ọ̀pọ̀ máa ń fi LD_LIBRARY_PATH tún èyí ṣe. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń kan gbogbo ètò míì tí ẹ bá pè nínú fèrèsé náà, ọjọ́ tí ẹ bá sì gbàgbé rẹ̀ nínú iṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ lóru, ẹ̀ ń bọ̀ wá bá a ní òkú láàárọ̀. Èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn ni kí n kọ ọ̀nà náà sára ètò fúnra rẹ̀ kí n tó pe cmake:

```
export LDFLAGS="-Wl,-rpath,$HOME/gcc11/lib64"
```

Lẹ́yìn èyí, `ldd` tọ́ka sí fódà mi láìsí pé mo ń rán an létí.

Ó ku ọ̀kan. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fi ránṣẹ́ kú lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú `Illegal instruction`. Ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà wa jẹ́ tuntun, ó ní AVX-512, irú àṣẹ kan tí àwọn CPU tuntun kan mọ̀. Àwọn ẹ̀rọ inú ò ní ju AVX2 lọ. GROMACS sì máa ń wo ẹ̀rọ tí wọ́n ti pe cmake láti yan irú àṣẹ tí yóò lò. Mo tún un ṣe pẹ̀lú `-DGMX_SIMD=AVX2_256`, mo ṣe `make check` lórí ẹ̀rọ inú, gbogbo àyẹ̀wò kọjá.

Ibẹ̀ ni mo rò pé mo ti parí. Ṣùgbọ́n ètò Fortran kan wà tí ọ̀gá mi kọ, tí a fi ń ka ohun tí GROMACS bá gbé jáde, netCDF, láíbúrérì tó ń ka fáìlì dátà ìwádìí, ló sì ń lò. gfortran tuntun, apá GCC tó ń compile Fortran, kọ̀ láti ka netcdf.mod tó wà lórí sáfà, ó ní ẹ̀yà GNU Fortran mìíràn ló ṣe é. Fáìlì .mod ò dà bíi láíbúrérì C. Gfortran ẹ̀yà kan kì í sábà ka ti èkejì. Kódà láíbúrérì tó ń bá gfortran ṣiṣẹ́ yàtọ̀: ti 4.8 ni libgfortran.so.3, ti GCC 8 sókè ni libgfortran.so.5. Mo ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀: HDF5, lẹ́yìn náà netCDF ti C, lẹ́yìn náà netCDF ti Fortran, gbogbo wọn pẹ̀lú compiler tuntun. Bẹ́ẹ̀ náà ni Boost, àkójọ láíbúrérì C++, fún ètò C++ kékeré kan tó bá a rìn. Láti GCC 5 ni `std::string` ti yí ìrísí padà nínú, nítorí náà Boost tó wà lórí sáfà àti ètò tí mo compile ò gbọ́ èdè ara wọn mọ́, gbogbo ẹ̀sùn tí linker, tó ń so àwọn apá ètò pọ̀, ń kà sílẹ̀ ló sì ní `std::__cxx11` nínú.

Nígbà tí gbogbo láíbúrérì wà níjòókòó, ètò ọ̀gá mi fúnra rẹ̀ ò tún compile. Àṣìṣe mẹ́rìnlá, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn: irú ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí subroutine ò bá irú èyí tó ń retí mu. Compiler àtijọ́ kàn ń kìlọ̀ ni, ìkìlọ̀ náà sì ń rì sáàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlà míì. Láti GCC 10 ni gfortran ti sọ ọ́ di àṣìṣe. `-fallow-argument-mismatch` wà tí yóò dá a padà sí ìkìlọ̀, ìmọ̀ràn tí gbogbo èèyàn sì máa ń fúnni nìyẹn. Mo lò ó, àmọ́ mo kọ́kọ́ ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́tàlá nínú wọn ò léwu: nọ́ńbà kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ síbi tí àkójọ ẹlẹ́yọ kan yẹ kó wà, tàbí àyè ìṣiṣẹ́ kan náà tí wọ́n pè ní integer níbì kan, tí wọ́n pè ní real níbòmíì. Ìkẹrìnlá rèé:

```
call histo(dist, 0.1, n)
```

`histo` ń retí double precision fún ìbú ìpín, `0.1` tí wọ́n kọ báyìí sì jẹ́ real(4), báìtì mẹ́rin. Báìtì mẹ́jọ ni `histo` ń kà. Mẹ́rin tó kù, ohunkóhun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ìrántí ẹ̀rọ ni. Ẹ̀ka tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ àfi bí èèyàn bá béèrè irú àtẹ kan tí a kì í sábà béèrè.

Mo sọ ọ́ di `0.1d0`, mo sì fi ìlà náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi. Wọ́n pè mí láàárín wákàtí kan, wọ́n ní àwọn ti rí àtẹ kan rí tí kò yé àwọn, tí àwọn sì jù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ní kí n bá àwọn tún un ṣe pẹ̀lú èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ compile.